Bí A Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá Onírin ní Mákùn

Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dùn tó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Èmi ni mo dí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ní kí á pa ẹ̀rọ àtijọ́ tì kí á mú tuntun, èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo ní kò sẹ́ni tó máa kọjá. Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, lẹ́yìn náà mo kọ́ṣẹ́ rédíò títún ṣe ní Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìkàwé ló ṣe mí nígbà náà, ìgbéraga ni. Mo mọ ohun kan tí ẹlòmíì ò mọ̀, mo sì fẹ́ kó máa jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n títí ayé.

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ jókòó yìí, mo máa ń wò yín bí ẹ ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ lọ mu omi, kí ẹ tó padà dé, gbogbo inú rẹ̀ ti di tuntun. Nígbà tiwa, bí a bá fẹ́ yí ohun kékeré kan padà nínú ohun tí ẹ̀rọ kan ń rò, ó lè gbà wá ní odidi ọ̀sẹ̀, oòrùn sì gbọ́dọ̀ ràn dáadáa. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Oòrùn ni mo sọ, mi ò ṣì í sọ. Ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wa wà ní Mákùn, nínú agbo ilé àtijọ́ kan tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ tó pápá. Àǹtí Bísí ló ni iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tíṣà sì ni bàbá wọn. Wọ́n lọ kàwé ẹ̀rọ lókè òkun. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo ayé rò pé Èkó ni wọ́n máa jókòó sí nínú ọ́fíìsì tó tutù, ṣùgbọ́n wọ́n wá sí Mákùn, wọ́n gba yàrá mẹ́ta, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ tó ń ronú. Àwọn ará àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan bi wọ́n pé, "Bísí, ṣé ẹ̀rọ náà á máa ronú ọkọ fún ọ ni?" Àǹtí dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀ẹ́ rí i, Mà, bó bá rí ọkọ náà, màá kọ́kọ́ fi hàn yín."

Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ tó ń ronú kò ju pátákó kan lọ, tó fẹ̀ tó ìwé orin. Ọpọlọ kékeré kan wà lórí rẹ̀, ìrántí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. A máa gbé pátákó náà sínú ẹ̀rọ ńlá ti ẹlòmíì, á wá máa pàṣẹ fún un: tan iná, pa iná, yípo, dúró. A ṣe fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, a ṣe fún ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Likosi. Nígbà yẹn, ẹni tó bá rí i pé ẹ̀rọ kan ń dá ara rẹ̀ dúró láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án máa ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bóyá ẹnìkan fara pamọ́ síbẹ̀.

Àwa méjì ni a ń bá Àǹtí ṣiṣẹ́. Èmi nìyí, Rédíò ni wọ́n ń pè mí. Ẹnìkejì ni Ráúfù, àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, ọmọ àwọn olóbì Mùsùlùmí tí agbo ilé wọn fẹ̀gbẹ́ kan tiwa. Láti àárọ̀ la ti máa ń gbọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bó obì, tí wọ́n ń ṣà á sọ́tọ̀, tí ewé ń ró wẹ́wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀fẹ̀ ń lọ tí ẹ̀fẹ̀ ń bọ̀. Ìró tiwa máa ń dáhùn láti apá ibí: fáànù, irin gbígbóná tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, àti Bàbá Onírin.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ nìyẹn. Àǹtí ló gbé e bọ̀ láti òkè òkun. Ó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, méjì nínú wa ló gbọ́dọ̀ gbé e. Àwo pẹlẹbẹ kan la máa ń ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ṣùgbọ́n ó rọ̀ bí páálí. Bó bá ti gbé e mì, á bẹ̀rẹ̀: gbà-gbà-gbà, wùùù, gbà-gbà. Wáyà pẹlẹbẹ kan jáde ní ìdí rẹ̀ bí ìgbànú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò sí orí wáyà náà bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí pátákó wa ń rò, a máa yọ ọpọlọ pátákó náà, a máa ki ẹsẹ̀ Bàbá Onírin bọ àyè rẹ̀. Òun ló máa wá ṣe adelé fún ọpọlọ. Pátákó ò ní mọ̀ pé àlejò ni. Àwa tí a jókòó síwájú ẹ̀rọ á máa rí gbogbo èrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a lè dá a dúró láàárín èrò, a lè ní kó tún un rò.

Ẹwà ni, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Ara wáyà rẹ̀ ti bó, àwọn tó ṣe é lókè òkun sì ti ní àwọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ká lọ ra tuntun tí owó rẹ̀ tó owó odindi ilé. Èmi nìkan ni mo wá mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Mo máa kọ́kọ́ gbé fáànù dojú kọ ọ́. Mo máa fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so ìdí wáyà rẹ̀ kó má baà mì. Mo máa gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, kì í ṣe ti òsì o, nígbà tó bá ké wùùù ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹlòmíì bá gbá a, kì í jí. Bí mi ò bá wá síbi iṣẹ́, iṣẹ́ dúró. Ẹ ò rí i pé adùn ńlá ni fún ẹni tó ka ìwé mẹ́fà?

Ọ̀rọ̀ oòrùn wá kù. Bí a bá ti rí ohun tí a fẹ́ kí pátákó máa rò, a máa kọ ọ́ sínú ìrántí kan báyìí, dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tó ní gíláàsì kékeré lẹ́yìn. Onífèrèsé la sọ ọ́. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Bí a bá fẹ́ pa á rẹ́ ká tún òmíràn kọ, àfi kí ìmọ́lẹ̀ líle gba ojú gíláàsì náà wọlé fún ìgbà pípẹ́. A ní àtùpà kan tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti jó bàjẹ́. Àǹtí ní ká máa sá wọn sóòrùn. Ni a bá ń to Onífèrèsé sórí àwo pẹrẹsẹ, a ń gbé e sórí òrùlé ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata tí ìyá Ráúfù sá. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n kígbe láti apá ọ̀dọ̀ wọn: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Kòkòrò yín ti wọ inú ata mi o!" Ráúfù gun òkè lọ ṣà wọ́n. Wọ́n ṣì rí ọ̀kan nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọkọ wọn ló fi eyín kàn án. Bàbá náà yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹja wo lèyí?" A fọ̀ ọ́, a dán an wò. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí oòrùn bá mú, ọjọ́ díẹ̀ la fi ń dúró. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, hàà, a máa jókòó bí àgbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀: àgbẹ̀ ń bẹ òjò, àwa ń lé e.

Ẹni tó wá da gbogbo rẹ̀ rú, tó sì tún un tò, ni Ìyá Fẹ́mi ti Ògèrè. Opó ni wọ́n, ilé ìpamọ adìẹ wọn wà lẹ́bàá títì márosẹ̀. Wọ́n ń kó ẹyin sínú ẹ̀rọ tó ń mú ooru, òròmọdìẹ ń jáde, àwọn àgbẹ̀ ń wá kó o. Pátákó wa ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ó ń ka ọjọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, á máa yí ẹyin láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì bí adìẹ ṣe máa ń fi ẹnu yí i. Bó bá di ọjọ́ kejìdínlógún, á ṣíwọ́ yíyí, á dín ooru kù, nítorí ọmọ inú ẹyin ti ń wá ibi tó máa gbé orí sí láti jáde. Ọjọ́ kọkànlélógún, òròmọdìẹ dé.

Wàhálà ibẹ̀ ni iná. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, pátákó wa á jí bí ẹni pé ọjọ́ kìn-ín-ní ló jẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹyin tí kò yẹ kó yí mọ́, á gbé ooru sókè, ọmọ á sì kú sínú ẹyin. Ìyá Fẹ́mi ní, "Ẹ̀rọ yín ń ronú lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣiwèrè ni." Oṣù tí òròmọdìẹ tó máa dàgbà bá Kérésìmesì gbọ́dọ̀ jáde ti wọlé. Àwọn àgbẹ̀ Rẹ́mọ gbogbo ń retí. Bí wọn ò bá rí òròmọdìẹ gbà lọ́dọ̀ Ìyá Fẹ́mi, ibòmíì ni wọ́n máa lọ, wọn ò sì ní padà. Ilé ìpamọ náà á kú. Ohun tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn nìyẹn.

Ráúfù jókòó, ó kọ èrò tuntun fún pátákó: kó máa fi ọjọ́ tó kà pamọ́ sí ibì kan tí bátìrì kékeré ń tọ́jú, kí iná má lè pa á rẹ́. A gbé e lọ síwájú Bàbá Onírin kí á dán an wò. Èmi ni mo ń pa iná pátákó, mo ń tàn án. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, ó ń rántí ọjọ́. Àǹtí pàtẹ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Iná pupa kékeré kan wà lórí pátákó, tó yẹ kó kú bí a bá pa iná. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo pa á, kò kú tán. Ó ràn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ológbò tó ń tòògbé. Iná ń gba inú wáyà Bàbá Onírin jò sínú pátákó! Ìyẹn ni pé pátákó náà kò tíì kú rí. Ẹni tí kò sùn, kí ni a ń dán ìjí rẹ̀ wò sí? Mo rí i, ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ Bàbá Onírin ti parí, tèmi náà sì ti parí. Mo fi ọwọ́ bo iná pupa náà bí ẹni tó ń nu eruku.

A gbé pátákó lọ sí Ògèrè. Iná lọ, iná dé, pátákó gbàgbé ọjọ́, ẹyin bàjẹ́.

Ìyá Fẹ́mi fúnra wọn ló kó wọn wá sí Mákùn, nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n dà á sí àgbàlá. Òórùn náà! Ráúfù tó kọ èrò náà ni wọ́n dojú kọ. "Ìwọ lo kọ ọ́, àbí? Padà síbi obì ìyá rẹ, kó o máa ṣà á! Ìyẹn kì í kú sínú èèpo!" Ráúfù dọ̀bálẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Láti ọjọ́ náà ni Ráúfù ti sọ pé Bàbá Onírin ò dáa mọ́. Kò rí iná pupa, ṣùgbọ́n ó fura. Ó lọ yá kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó sì jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ló fi ń rántí nǹkan. Ó jókòó tì í, ó kọ ògbufọ̀ kan sínú rẹ̀: bó bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà, ògbufọ̀ náà á sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ọpọlọ pátákó gbọ́. Ó tún jó pátákó kékeré kan pọ̀, ó ní ẹsẹ̀ bíi ti Onífèrèsé, bátìrì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Onírin ń ṣe adelé fún ọpọlọ. Tèmi yìí, adelé ìrántí ni. A ò ní yọ ọpọlọ mọ́. Onífèrèsé nìkan la máa yọ, tèmi á wọ àyè rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣì, ká tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí oòrùn, kò sí òrùlé."

Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Tẹlifíṣọ̀n àti kásẹ́ẹ̀tì? Ṣé sinimá lo fẹ́ máa ṣe fún wa ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá yín ti ń tọ̀ sára. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

"Bàbá tó bí iṣẹ́ tó ò ń jẹ! Àwo rẹ̀ kan tóbi ju gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ lọ."

"Bó bá jẹ́ títóbi ni, ẹ jẹ́ ká gbé pẹpẹ obì ìyá mi wá."

Àǹtí ní ká má jà. Wọ́n bi mí pé, "Rédíò, ṣé Bàbá Onírin ṣì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?" Mo ní, "Gan-an ni, Àǹtí." Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló fi kọ̀ǹpútà Ráúfù sí abẹ́ tábìlì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí Ìyá Fẹ́mi sì ti kó ẹyin mìíràn wọnú ẹ̀rọ, ẹyin ìkẹyìn tó ṣì lè bá Kérésìmesì.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́! Ráúfù ò ní òfìfo, ó mú ti wàásù ìyá rẹ̀, ó kọ ògbufọ̀ rẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá tẹ́ni jókòó, wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò kí wọ́n gbọ́ Àáfà. Ohun tó jáde ni kíríííí-kwíííí-ṣíííí. Wọ́n fò dìde. "Ráúfù! Kí lo ṣe fún Àáfà?" Mákùn rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ó wá di ọjọ́ Orò. Wọ́n ti kéde rẹ̀ pé Orò máa jáde ní Mákùn látàárọ̀, gbogbo obìnrin á sì wà nínú ilé pẹ̀lú fèrèsé ní títì. Àdúgbò tó máa ń hó bí ọjà dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ewé obì ò ró, ẹ̀fẹ̀ ò lọ. Bí a ṣe ń tún àgbàlá ṣe, ọkùnrin tó ń wakọ̀ fún Ìyá Fẹ́mi dé láti Ògèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ìyá ní kí n sọ fún yín pé ọ̀la ni ọjọ́ tí ẹyin gbọ́dọ̀ dúró. Iná ń lọ, ó ń bọ̀. Bí pátákó tó mọ ọjọ́ ò bá dé lónìí, kí ẹ wá kó ẹ̀rọ yín, àwọn á ti ilẹ̀kùn ilé ìpamọ pa."

Mo sáré lọ sí ilé Àǹtí. Fèrèsé onípákó ti wà ní títì. Mo dúró níta, mo kan pákó.

"Ta nìyẹn? Má ṣí i o!"

"Èmi ni, Àǹtí. Rédíò." Mo rò fún wọn.

Ohùn wọn gba inú pákó jáde: "Mi ò lè jáde. Ìwọ ni àgbà níbẹ̀ lónìí. Èwo lẹ máa lò, Bàbá Onírin àbí ti Ráúfù?"

Mo gbọ́ tí Orò ké lọ́ọ̀ọ́kán, ohùn gígùn kan, ó sì dákẹ́.

"Rédíò, ṣé o ti lọ ni?"

"Àǹtí, iná pupa yẹn kì í kú."

"Iná pupa wo?"

"Ti orí pátákó. Bí Bàbá Onírin bá wà lára rẹ̀, tí mo bá pa iná, kì í kú tán. Wáyà ń jò."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa àga. "Ìyẹn ni pé a ò tíì dán iṣẹ́ yẹn wò rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ Orò. Bí kì í bá ṣe òun ni, ǹ bá ti jáde wá gbá ọ létí. Lọ fa wáyà ẹ̀rọ yẹn yọ. Gbé tẹlifíṣọ̀n Ráúfù sórí tábìlì. Ohun tó bá ní kí o ṣe, ṣe é."

Mo padà dé. Mo tú rọ́bà kẹ̀kẹ́. Mo fa wáyà Bàbá Onírin yọ lára pátákó, mo dá ọpọlọ padà sí àyè rẹ̀. Èmi àti Ráúfù gbé àpótí náà sílẹ̀ sí igun yàrá, mo fi àpò bò ó. Ráúfù wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín dá?" Mo ní, "Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi."

Kásẹ́ẹ̀tì ké kíríííí. Ọ̀rọ̀ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Adelé ìrántí wọ àyè Onífèrèsé. A sọ fún pátákó pé ọjọ́ kẹtàdínlógún ló jẹ́. Mo pa iná. Iná pupa náà kú, ó kú fin-ín-fin-ín. Mo tàn án. Nọ́ńbà tó yọ: ení.

Ẹ ò bá rí Ráúfù! Ó fò sókè, ó ń jó. "Ó gbàgbé! Ẹ̀gbọ́n, ó gbàgbé lójú wa!" Ìṣòro tó ti ń sá fún wa láti ọjọ́ yìí wá, a ti mú un lọ́rùn. Ó tẹjú mọ́ ohun tó kọ, ó na ìka sí i, ó dorí kodò. "Èmi náà ni mo ṣe é. Ẹ wò ó: ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kó ṣe bó bá jí ni pé kó gbá gbogbo ilé ìrántí mọ́. Ó ń gbá ọjọ́ mọ́ ilẹ̀!" Pátákó kò kú rí níwájú Bàbá Onírin, nítorí náà kò jí gbá ilẹ̀ níbẹ̀ rí. Ó yí ìlà kan ṣoṣo padà. Mo tún un gbé wọlé. Pátákó ò lọ sórí òrùlé, oòrùn ò sì yọ lọ́jọ́ náà. Òjò ń ṣú. Mo pa iná, mo tàn án.

Ẹ̀tàdínlógún.

Mo tún pa á. Ẹ̀tàdínlógún. Mo fà á yọ lára iná pátápátá, mo gbé e yípo yàrá bí ọmọ tuntun, mo dá a padà. Ẹ̀tàdínlógún! Iṣẹ́ tó ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀, a ṣe é kí iṣu tó wà lórí iná tó jinná. A ṣe é ní Mákùn níbí, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì wàásù. Mo pariwo débi pé ọkùnrin kan nínú àwọn olórò yọjú sí àgbàlá, ó bi wá bóyá ara wa le.

A ò dúró de Onífèrèsé. Pátákó tí adelé Ráúfù wà lára rẹ̀ la gbé lọ sí Ògèrè, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, èmi gbé e sí itan nínú mọ́tò, òjò ń rọ̀ lórí títì. A fi í sínú ẹ̀rọ ìpamọ. Ìyá Fẹ́mi dúró tì wá. Kò pẹ́ ni iná lọ. Òkùnkùn bo gbogbo ibẹ̀. Iná dé. Gbogbo wa tẹ orí mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó mọ ọjọ́. Nígbà tó di ọ̀la, ó dá yíyí dúró fúnra rẹ̀, ó sì rọ ooru sílẹ̀, iná ń lọ, ó ń bọ̀, kò dá a lóhùn.

Ẹ ò tíì gbọ́ ìró tó dùn bí ìró ọjọ́ kọkànlélógún. Ó kọ́kọ́ jẹ́ bí ẹni ń fi èékánná ha tábìlì, ká, ká, ká. Lẹ́yìn náà ni fíó-fíó kan, òmíràn gbà á, ó wá di pé ẹ̀rọ náà lódindi ń kọrin. Àwọn òròmọdìẹ tutù, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n gbẹ, wọ́n di òwú. Apẹ̀rẹ̀ kún, àpótí kún, wọ́n ń wá páálí káàkiri. Àwọn àgbẹ̀ dé láti Ìpẹ̀rú, láti Ìkẹ́nnẹ́, láti Ṣàgámù, kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò tò síwájú ilé. Kérésìmesì ọdún náà, kò sí ilé tí mo wọ̀ ní Rẹ́mọ tí wọ́n gbé ẹran adìẹ síwájú mi tí mi ò rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò fi ọwọ́ kan Bàbá Onírin mọ́. Gbogbo pátákó wa láti ìgbà náà, ọ̀nà Ráúfù la fi ṣe é, iṣẹ́ wa sì gbòòrò débi pé àwọn ará Èkó ló ń wá bá wa. Èmi tí mo rò pé iṣẹ́ mi máa parí, iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ráúfù kọ́ mi ní ògbufọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ohun kan ló kù. Lọ́jọ́ tí òròmọdìẹ jáde, níwájú gbogbo àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn, Ìyá Fẹ́mi di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Èmi ni àgbà, èmi ni mo gbé pátákó dé, wọ́n rò pé èmi ni. Wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè, wọ́n ní, "Ẹ wo ọwọ́ tó ṣe é! Ọwọ́ yìí ò ní rọ. Ọwọ́ yìí ò ní tọrọ jẹ. Gbogbo ohun tó bá dáwọ́ lé á yè." Omijé ń bọ́ lójú wọn. Ráúfù wà lẹ́yìn ilé níbi jẹnẹrétọ̀, epo dé igbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ ẹni tó ṣe é. Gbogbo àwọn àgbẹ̀ pariwo "Àmín!" Èmi náà ṣe Àmín.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Àgbà ni mí, kò rọ, kò tọrọ jẹ. Ráúfù ti wà ní Kàdúná láti ìgbà pípẹ́, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ṣì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ìyá Fẹ́mi ṣì wà ní Ògèrè. Wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì ń gbọ́. Àdúrà ọjọ́ yẹn, gbèsè Ráúfù ni lọ́rùn mi. Ó yẹ kí n mú un dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ wọn, kí wọ́n tún àdúrà náà gbà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì ṣe é.